Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Lìńfómà Awọ Ara Tó Le, Tó sì Ṣọ̀wọ́n Mọ̀

Ibi ìkọ́ni: Ọla, agbègbè Ẹjìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun
Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì, ìṣẹ́jú 40 lọ́kọ̀ọ̀kan
Ohun èlò ìkọ́ni: Àwòrán awọ ara lórí páálí, máàpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rúlà, ìgò kékeré olómorí, òwú

ÈTE Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. sọ ohun tí lìńfómà awọ ara jẹ́;
2. sọ ìdí tí ojú lásán kò fi lè dá a mọ̀, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú;
3. dárúkọ oríṣi tó le mẹ́rin, ó kéré tán;
4. to àwọn ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò tẹ̀léra tẹ̀léra;
5. ṣàlàyé ìdí tí fáírọ́ọ̀sì HTLV-1 fi kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà;
6. sọ ohun tí ìdílé lè ṣe kí àyẹ̀wò má baà pẹ́.

ÌMỌ̀ ÀTẸ̀YÌNWÁ

Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Wọ́n sì mọ làpálàpá, kúrúnà àti ẹ̀tẹ̀.

ÌFÁÁRÀ

Olùkọ́ bèèrè: Ta ló ti ní làpálàpá rí? Kí ni wọ́n fi wò ó nílé? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dárúkọ ewé asúnwọ̀n òyìnbó, ọṣẹ dúdú, àdín, kírímù tí wọ́n rà ní kẹ́mísì. Olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó láìbu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìyọnu awọ ara tí à ń rí ní Ọla, ní Ẹjìgbò àti ní Ifẹ̀-Òdàn kì í ṣe àrùn ńlá.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ bèèrè ìbéèrè kejì: Bí ó bá wá lo oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún mẹ́ta, tí gbogbo ohun tí a fi sí i kò mú un lọ ńkọ́? Ẹ̀kọ́ òní wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà tó mọ ẹjọ́ dá, a gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́, a gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, a sì bi àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àrùn yìí rí. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni dókítà ń pè: ìtàn aláìsàn, ara aláìsàn, ẹran ara díẹ̀ tí a gé, àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ kí ọ̀rọ̀ wọn tó ṣọ̀kan.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: KÍ NI LÌŃFÓMÀ AWỌ ARA?

Lára sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa ni èyí tí à ń pè ní lìńfósáìtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbógun ti kòkòrò àrùn. Oríṣi rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni T àti B. Lìńfósáìtì kì í jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó máa ń wọ inú awọ ara, ó ń ṣọ́ ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gún, ìdọ̀tí àti kòkòrò ti ń kọ́kọ́ kàn wá. Nígbà mìíràn, lìńfósáìtì kan á yí padà. Ìgbà tó yẹ kó kú, kò ní kú; yóò kàn máa bí irú ara rẹ̀ ṣáá. Jẹjẹrẹ tó bá ti ibẹ̀ wá ni lìńfómà. Bí ó bá jẹ́ inú awọ ló ti bẹ̀rẹ̀, tí a kì í sì í sábà rí i níbòmíràn nínú ara nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lìńfómà awọ ara ni.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ awọ tí oòrùn máa ń fà fún àwọn àfín. Ẹ má sì ṣe dà á pọ̀ mọ́ lìńfómà tó ń wú ọmọdé ní àgbọ̀n, èyí tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní 1958.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú lìńfómà awọ ara ni mycosis fungoides. Dókítà ará Faransé kan, Jean-Louis Alibert, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1806. Ní 1870, Pierre Bazin, ará Faransé bákan náà, fi hàn pé ìpele mẹ́ta ló máa ń gbà: àbàwọ́n pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ojú ara tó nípọn, lẹ́yìn náà kókó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bá ìpele kìíní gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdé ìpele kẹta. Ó ń rọra rìn ni. Àwọn tí a ó sọ̀rọ̀ wọn jù lónìí kì í rọra.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀: lìńfómà awọ ara kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tó ní i jẹun nínú àwo kan, ẹ lè bá a sùn sórí ẹní kan.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: ÌDÍ TÍ OJÚ FI Ń ṢÌNÀ

Ohun mẹ́ta ló ń mú ojú ṣìnà.

(a) Ó jọ àrùn mìíràn. Ẹ wo mẹ́rin yìí:

Làpálàpá: etí rẹ̀ máa ń yọ sókè, àárín rẹ̀ máa ń mọ́. Bí a bá ha ìpépé orí rẹ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù, a ó rí kòkòrò olú níbẹ̀. Nínú lìńfómà, a kò ní rí i.

Ékísímà: ó ń yún, ó sì sábà máa ń wà láti ìgbà èwe tàbí nínú ìdílé. Ẹni tí kò ní i rí, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní “ékísímà” lẹ́yìn ọdún 50, ó yẹ kí a tún un wò.

Psoriasis: ìpépé rẹ̀ nípọn, ó fẹ́ràn ìgúnpá, eékún àti àtàrí. Mycosis fungoides fẹ́ràn ibi tí aṣọ bò: ìdí, itan, ìbàdí, ọmú.

Ẹ̀tẹ̀: àbàwọ́n rẹ̀ máa ń ṣí ní àwọ̀, aláìsàn kì í sì í mọ̀ bí a bá fi òwú kan ibẹ̀. Mycosis fungoides náà lè ṣí àwọ̀ ara bẹ́ẹ̀, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn sábà máa ń mọ̀ pé òwú kan òun. (Olùkọ́ fi òwú ṣe àpẹẹrẹ lẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀.)

Nítorí ìrísí yìí, a ti rí àwọn tí aráyé ń sá fún pé ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ní. Ìyẹn kò tọ́. Ẹ̀tẹ̀ gan-an ní òògùn, ọ̀fẹ́ sì ni ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ ta ènìyàn nù nínú méjèèjì.

(b) Àwọ̀ wa ń fi í pamọ́. Ìwé ìṣègùn púpọ̀ máa ń sọ pé “àbàwọ́n pupa” ni kí dókítà wá. Lára òyìnbó ni pupa yẹn ti hàn. Lára tiwa, ohun tí wọ́n pè ní pupa lè jọ dúdú tó jin, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú, tàbí kí ibẹ̀ kàn ṣí. Dókítà tí àwòrán awọ òyìnbó nìkan ni wọ́n fi kọ́ lè wo awọ ará Ọla kó má rí nǹkan kan.

(d) Kírímù ń pa ẹ̀rí rẹ́. Kírímù aládàlù wà tí wọ́n po òògùn kòkòrò, òògùn olú àti steroid pọ̀ sínú rẹ̀. Steroid yìí máa ń tẹ lìńfósáìtì lórí ba. Ara kò ní yún mọ́, àbàwọ́n á parẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú aláìsàn á dùn, yóò sì tún yọ. Bí a bá gé ẹran ara ní àkókò tí kírímù ṣì ń ṣiṣẹ́, a lè máà rí ohunkóhun níbẹ̀.

Ìdádúró yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ìdajì àwọn tó ní mycosis fungoides tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ló lo oṣù 36, ó kéré tán, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÀWỌN TÓ LE

Wọ́n ṣọ̀wọ́n gidigidi. Dókítà gbogbogbòò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìrí ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i kò ní àkókò púpọ̀ lọ́wọ́.

1. Àrùn Sézary. Albert Sézary ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1938. Gbogbo ara ló máa ń kàn, ó ju 80 lọ nínú 100 apá awọ. Ara á máa bó, á máa yún débi pé aláìsàn kò ní lè sùn. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á nípọn, á sì máa sán. Kókó á wú ní ọrùn àti abíyá. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà á wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú.

2. Lìńfómà T gamma-delta. Ó sábà máa ń jáde ní ẹsẹ̀ àti apá, nínú ọ̀rá abẹ́ awọ. Kókó á yọ, á di egbò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ibà á wà, ara á máa rù. Nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara a máa gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mì.

3. Lìńfómà CD8 tó ń jẹ awọ kíákíá. Emilio Berti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1999. Egbò á yọ káàkiri lójijì, àárín rẹ̀ á dúdú, á kú. Ó lè dé ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ.

4. Lìńfómà B ti ojúgun. Àwọn àgbàlagbà, pàápàá obìnrin, ló máa ń ní i jù. Kókó tó ń yára dàgbà ni, ní ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì.

5. Lìńfómà T ti àgbàlagbà, tí fáírọ́ọ̀sì HTLV-1 ń fà. A ó fún un ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ fi ọ̀kan kún un: mycosis fungoides tó ti rọra ń rìn lè yí padà di èyí tó le. Nítorí náà, bí kókó tuntun bá yọ lára ẹni tí a ti mọ àrùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a gbọdọ̀ tún gé e wò. Àbájáde àtijọ́ kò lè jẹ́rìí sí kókó tuntun.

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì nìyí: nínú àwọn tó ní mycosis fungoides gbogbogbòò, ó ju 80 lọ nínú 100 tí àrùn náà kò ní pa láàárín ọdún márùn-ún. Nínú àrùn Sézary, wọn kò pé 40. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Òògùn tó tọ́ fún èkíní kò tó fún èkejì, òògùn tó le fún èkejì yóò sì pa ẹni tó ní èkíní lára láìnídìí.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ẸLẸ́RÌÍ MẸ́RIN

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìtàn

Dókítà á bèèrè: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ti kọ́kọ́ yọ? Ṣé ó ń lọ kó tó padà, àbí ó dúró síbẹ̀? Ṣé ó ń yún? Kí ni ẹ ti fi sí i, títí kan àgbo àti kírímù? Ṣé ibà ń ṣe yín, ṣé òógùn ń bò yín lóru, ṣé aṣọ yín ti ń ṣò? Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára rí? Ibo ni ẹ ti gbé?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kàn wá gan-an. Ilé tó ní ẹni tó ti lọ sí Abidjan pọ̀ ní agbègbè Ẹjìgbò. Àwọn mìíràn bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gba ìtọ́jú níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí aláìsàn sọ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò kan fún un ní Côte d'Ivoire, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ara

Gbogbo awọ ara ni dókítà gbọdọ̀ wò, láti àtàrí dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìdí pẹ̀lú. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́lọ́fín tó pamọ́, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀. Dókítà tó kàn wo apá tí wọ́n nà sí i kò tíì wo aláìsàn.

Yóò wọn bí àrùn náà ti gbòòrò tó. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó ìdá 1 nínú 100 awọ ara rẹ̀. Bí àbàwọ́n kò bá tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́wàá, ìpele kìíní ni. Bí kókó kan bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìpele ti gòkè. (Akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wo bí sẹ̀ǹtímítà kan ti tó.) Yóò tún fọwọ́ tẹ ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn. Kókó tó bá ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ níbẹ̀, ó yẹ kí a yẹ òun náà wò.

Ẹlẹ́rìí kẹta: Ẹran ara

Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, yóò tàn ká. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àrùn yìí. Gígé tí a ń sọ kò ju mílímítà 4 sí 6 lọ, tàbí kó gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á rán ojú rẹ̀ bó bá yẹ, yóò sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Ohun márùn-ún ló ń jẹ́ kí gígé yìí wúlò:
(i) Kí aláìsàn ti dá kírímù steroid dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, bí dókítà bá ti sọ. Bí àrùn bá ń yára, dókítà lè máà dúró.
(ii) Kí wọ́n gé ju ibì kan lọ, níbi tí àrùn ti hàn jù.
(iii) Kí gígé náà jìn dé ọ̀rá, pàápàá bí a bá fura sí gamma-delta. Bí wọ́n bá kàn ha òkè awọ, ẹ̀rí yóò kù sí ìsàlẹ̀.
(iv) Kí ẹran ara wọ inú fọ́málìn kíákíá. Omi kò lè dípò rẹ̀, ẹran ara á jẹrà nínú omi. Kí orúkọ àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ìgò.
(v) Kí dókítà kọ ìtàn aláìsàn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgò náà.

Nílé àyẹ̀wò, wọ́n á fi ìda rì í, yóò di búlọ́ọ̀kù kékeré. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, kò ní nípọn ju ìwọ̀n mílímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 200 lọ. Wọ́n á pa á láró, patọ́lọ́jísì, dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, á sì wò ó. Ó ń wá lìńfósáìtì tó ti gòkè wọ òkè awọ níbi tí kò yẹ kó pọ̀ sí, tí inú rẹ̀ ká kò bí ọpọlọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi àwọn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì dá irú rẹ̀ mọ̀. Àmì ara sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wá: CD3 fi hàn pé T ni, CD20 fi hàn pé B ni. CD4, CD8, CD30, CD56 àti àmì gamma-delta ló ń ya oríṣi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Láìsí ìpele yìí, patọ́lọ́jísì lè sọ pé lìńfómà ni, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ èwo. Àyẹ̀wò mìíràn tún wà tó ń wo DNA, bóyá láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó kù ti wá.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí: búlọ́ọ̀kù náà kì í bàjẹ́ kíákíá. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ilé àyẹ̀wò kan kò bá ní gbogbo èròjà, a lè gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ibòmíràn láìtún gé aláìsàn. Ìdílé gbọdọ̀ gba nọ́ńbà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ẹlẹ́rìí kẹrin: Ẹ̀jẹ̀

Wọ́n á ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì Sézary bá tó 1,000 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju mílímítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga lọ, ẹ̀rí àrùn Sézary nìyẹn. Wọ́n á wo LDH, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gòkè bí àrùn bá ń yára. Wọ́n á wo calcium, HIV àti HTLV-1. Wọ́n tún lè ya àwòrán inú ara láti mọ̀ bóyá ó ti kúrò ní awọ.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: HTLV-1, LÁTI JAPAN DÉ ÌBÀDÀN

(Olùkọ́ na máàpù sójú pátákó.)

Ní 1977, Kiyoshi Takatsuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kíyè sí jẹjẹrẹ lìńfósáìtì T kan tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà, tó sì pọ̀ lára àwọn tí wọ́n bí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Wọn kò mọ ohun tó fà á. Ní 1980, Bernard Poiesz, Robert Gallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn tí wọ́n ti sọ pé lìńfómà awọ ara ló ń ṣe. Fáírọ́ọ̀sì náà ni HTLV-1. Ìwádìí sì so méjèèjì pọ̀: òun ló ń fa àrùn àwọn ará Japan.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1983, ìwé ìròyìn The Lancet gbé iṣẹ́ A. F. Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde: wọ́n rí àmì HTLV nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní 1984, Christopher Williams, dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn méjì ní Nàìjíríà tí àrùn wọn bá HTLV tan, nínú British Medical Journal. Nítorí náà, àrùn yìí kì í ṣe ti ará òkèèrè nìkan. Ó ti lé ní 40 ọdún tí a ti mọ̀ pé ó wà láàárín wa.

Ìdí tí ó fi yẹ kí gbogbo dókítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rántí rẹ̀ rèé: lábẹ́ maikirosikóòpù, àrùn HTLV-1 inú awọ lè jọ mycosis fungoides débi pé patọ́lọ́jísì kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún HTLV-1 ló máa yà wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá pè ní mycosis fungoides, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé kó máa kun òògùn, lè jẹ́ HTLV-1 tó ní oríṣi tó yára, tí oṣù díẹ̀ péré ló kù fún un bí kò bá rí ìtọ́jú. Àwọn àmì tó ń pariwo ni òùngbẹ, ìgbẹ́ líle, àárẹ̀ àti ọkàn tó ń dàrú. Calcium tó gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà wọ́n.

Jẹjẹrẹ náà kì í ràn, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ń ràn. HTLV-1 ń gba ọ̀nà mẹ́ta: ọmú ìyá, ìbálòpọ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tí a fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kì í gba ọwọ́ bíbọ̀ tàbí oúnjẹ. Nínú 100 ènìyàn tó ní i, nǹkan bí 5 péré ni yóò ní jẹjẹrẹ yìí ní gbogbo ayé wọn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sì ni. Ní Nagasaki, ní Japan, wọ́n ti ń yẹ aboyún wò fún un láti 1987. Kí ìyá kankan má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní i, òun àti dókítà rẹ̀ ni wọn yóò jọ sọ ọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: BÍ ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ BÁ TAKO ARA WỌN

Àpẹẹrẹ méjì la ó fi kọ́ èyí.

Àkọ́kọ́: gígé ẹ̀ẹ̀kan sọ pé “ékísímà lásán”, ṣùgbọ́n àrùn náà ń tàn, kókó ń yọ. Ara tako ẹran ara. Kí ni ká ṣe? Kí a tún gé e, níbòmíràn, kó jìn sí i. Nínú mycosis fungoides tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gígé àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣàìsọ nǹkan kan. “A kò rí i” kò túmọ̀ sí “kò sí níbẹ̀”.

Èkejì yí i sódì. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ lymphomatoid papulosis, tí Warren Macaulay ṣàpèjúwe ní 1968. Lábẹ́ maikirosikóòpù, ó lè jọ jẹjẹrẹ tó burú jáì. Ṣùgbọ́n àwọn kókó kéékèèké rẹ̀ máa ń yọ, wọ́n á sì jiná fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí òmíràn tó yọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó pa ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó máa ṣọ́ ẹni tó ní i. Bí patọ́lọ́jísì kò bá gbọ́ pé àwọn kókó náà ń jiná, ó lè mú kí wọ́n fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ ní òògùn jẹjẹrẹ tó le. Ìtàn aláìsàn ló gba ẹni yìí sílẹ̀.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, dókítà awọ ara, patọ́lọ́jísì àti dókítà jẹjẹrẹ máa ń jókòó pọ̀ sórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: LÁTI ỌLA, IBO LÀ Ń LỌ?

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè yẹ làpálàpá àti ẹ̀tẹ̀ wò, kí ó sì kọ ìwé ránni sí ọsibítù ńlá. Àwọn tó yí wa ká ni ọsibítù ẹ̀kọ́ UNIOSUN ní Òṣogbo, ọsibítù ẹ̀kọ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọsibítù ẹ̀kọ́ Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ bákan náà, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907, àti ọsibítù ẹ̀kọ́ Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀. Ọsibítù ẹ̀kọ́ UCH wà ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Láti 1960 ni wọ́n sì ti ń kọ orúkọ àwọn àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ń wọ ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́rùn. Nítorí náà, kí ìrìn kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ tó pọ̀, kí ìdílé:
- fi fóònù ya àbàwọ́n náà lóṣooṣù, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláìsàn, kí dókítà rí bó ṣe ń yí padà;
- kó gbogbo ike àti páálí kírímù tí wọ́n ti lò dání;
- bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gé e wò?”;
- gba ìwé àbájáde àti nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n tọ́jú wọn síbi tí òjò kò ti ní pa wọ́n.

Òfin kíláàsì wa: àrùn awọ tí a tọ́jú bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò lọ, ọsibítù ló kàn. Kókó tó ń dàgbà kíákíá, egbò tó ń dúdú, ara tó ń bó káàkiri, ibà tàbí ara rírù pẹ̀lú àrùn awọ, a kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ìyẹn.

ÀKÓPỌ̀

Lìńfómà awọ ara ń fi ara pamọ́ sínú ìrísí àwọn àrùn tó wọ́pọ̀. Awọ dúdú àti kírímù steroid ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ti ìtàn, ti ara, ti ẹran ara àti ti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ló lè pe orúkọ rẹ̀. Àrùn tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe òògùn tuntun ló nílò, àyẹ̀wò ni.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

1. Sọ ìyàtọ̀ kan láàárín àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ àti ti mycosis fungoides tó ń ṣí àwọ̀ ara.
2. Kí ni kírímù steroid ń ṣe tó fi ń ba àyẹ̀wò jẹ́?
3. Dárúkọ lìńfómà awọ mẹ́rin tó le.
4. Kí ló dé tí ó fi yẹ kí a wá HTLV-1 nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà?
5. Àbájáde gígé kan sọ pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kókó ń yọ sí i. Kí lo máa gba ìdílé náà nímọ̀ràn?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ fi ojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan, ẹni ọdún 52, tó gbé ní Abidjan fún ọdún 20 kó tó padà sílé. Ó ti ń fi kírímù pa “làpálàpá” ní ìdí àti itan fún ọdún mẹ́ta. Ní oṣù tó kọjá, kókó mẹ́ta yọ ní itan rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, aṣọ rẹ̀ sì ti ń ṣò.

Kọ ìwé ìtàn rẹ̀ fún dókítà ní ojú ewé kan. Fi gbogbo ohun tí dókítà máa fẹ́ mọ̀ sí i, kí o sì to àyẹ̀wò tó yẹ ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka ìwé náà sétí àgbàlagbà kan nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ìdílé tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ èyí, bá a kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti kọ ti bàbá yìí, kí ó mú un dání lọ sí ọsibítù láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.